Èkó, Ìbàdàn tàbí Àjàṣẹ́: ìlú wo ló yẹ kí òǹkọ̀wé arìnrìn-àjò fi ṣe ibùjókòó?

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, mo dúró níwájú àtẹ oníwèé-ìròyìn kan. Ó ti fi òkúta tẹ ìwé kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Àwọn ọkùnrin bíi mẹ́jọ yí àtẹ náà ká, wọ́n ń ka àkọlé iwájú ìwé, ọ̀rọ̀ ọ̀wọ́n epo bẹntiróòlù ni wọ́n sì ń fà lọ fà bọ̀. Èmi náà dá sí i. Mo ní èrò ọkọ̀ ni ìyà náà ń jẹ jù. Bàbá kan tó dé fìlà abetí-ajá yíjú sí mi.

"Ọmọ mi, ta lo bi léèrè?"

Mo ní ojú mi ló ṣe é, pé ojoojúmọ́ ni mo ń wọkọ̀.

"Inú ọkọ̀ lo wà, ìyẹn lo ṣe rí èrò ọkọ̀. Lọ sí Ọjà Ọba, kí o bi àwọn tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata. Epo ni wọ́n ń rà sínú ẹ̀rọ yẹn. Ẹni tó gbé ata wá ò sì fẹ́ fi kọ́bọ̀ kan lé owó tó ń san."

Mo lọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ìyá tó ń lọ ata gbé kẹ́ẹ̀gì funfun kan jáde fún mi wò. Ó ti fi ìṣó fa ìlà méjì sí i lára. Ìlà òkè ni ibi tí owó tó ń mú lọ sílé epo ń gbé epo dé tẹ́lẹ̀. Ìlà ìsàlẹ̀, tí kò ju ìka mẹ́ta lọ sí ìdí kẹ́ẹ̀gì, ni ibi tí iye owó kan náà ń gbé e dé nísinsìnyí. Mo padà sílé, mo fa ohun tí mo ti kọ ya, mo tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ ohun tí màá máa fi yan ìlú. Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ máa rìnrìn-àjò, kí wọ́n sì máa kọ èrò wọn nípa ohun tó ń lọ, nípa àṣà àti ìgbé-ayé ìlú, máa ń bi mí pé níbo ni kí àwọn jókòó sí. Wọ́n á béèrè iná mànàmáná, wọ́n á béèrè íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á béèrè owó ilé. Màá dé orí gbogbo wọn. Àmọ́ ohun tí èmi máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé, nínú ìlú yẹn, ta ló máa sọ fún yín lójú pé ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀? Arìnrìn-àjò kì í pẹ́ níbì kan. Ó ti lọ kí àwọn tó kọ̀wé nípa wọn tó rí ohun tó kọ. Bí kò bá sí ẹni tó dá a dúró kó tó kọ ọ́, á máa ru àṣìṣe kan náà láti ìlú dé ìlú, á sì máa pè é ní ìrírí.

Ìlú mẹ́ta ni mo fẹ́ gbé síwájú yín, nítorí mo ti gba yàrá ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọn ò jìnnà síra. Ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹfà 2021 so Èkó mọ́ Ìbàdàn, ọ̀nà nǹkan bíi 157 kìlómítà. Láti Èkó, ẹ ó gba Bádágrì, ẹ ó sọdá ibodè Sẹ̀mẹ̀, ẹ ó sì dé Àjàṣẹ́, èyí tí máàpù ń pè ní Porto-Novo. Òun ni olú-ìlú orílẹ̀-èdè Benin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kútọnu ni ìjọba jókòó sí. Ẹ ó gbọ́ Yorùbá ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ibi tí ìròyìn ti ń dé

Èkó ló ń kọ́kọ́ gbọ́, kò sí ìlú tó lè bá a dù ú. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, Àbújá ni Ààrẹ Tinubu ti búra, ibẹ̀ náà ló ti sọ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọkọ̀ ti tò lọ rẹrẹẹrẹ níwájú àwọn ilé epo l'Ékòó. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá 2020, nígbà tí àwọn sójà yìnbọn níbi tí àwọn ọ̀dọ́ EndSARS, tó ń fẹ̀hónú hàn sí ìwà ìkà àwọn ọlọ́pàá, kóra jọ sí ní Lẹ́kí, ẹni tó ń gbé l'Ékòó kò dúró de tẹlifíṣọ̀n kó tó mọ̀ pé nǹkan ti yí padà. Òǹkọ̀wé tó bá jẹ́ pé ìròyìn gbígbóná ló fi ń jẹun, tí ilé iṣẹ́ ń retí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí alẹ́ tó lẹ́, Èkó ni kó lọ. Kò yẹ kó máa ro ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tó ń dùn mí nípa Èkó ni pé kò sí ẹni tó ráyè bá yín jiyàn débi tí òtítọ́ á fi jáde. Èkó ò gba gbẹ̀rẹ́, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ẹ jókòó nínú dánfó ní Ojúẹlẹ́gba, kí ẹ sọ èrò yín nípa ìjọba. Ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ yín á fara mọ́ ọn, ìyá ẹ̀yìn á fi tirẹ̀ kún un, bàbá àgbà kan á sì mi orí bíi pé ó mọ nǹkan kan tí ẹ ò mọ̀. Kó tó lanu, ẹnì kan ti ké "Ó wà o!", ọkọ̀ ti dúró ní Yábàá, bàbá náà ti bọ́ sílẹ̀, ó ti lọ. Ohun tó fẹ́ sọ bá a lọ. Mo ti kọ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ l'Ékòó tí mo rò pé àwọn èèyàn fara mọ́, àṣé wọn ò ráyè láti kọ̀ ọ́ ni.

Ìròyìn máa ń pẹ́ kó tó dé Ìbàdàn, àmọ́ tó bá dé, wọ́n á jókòó tì í. Ìlú yìí ti mọ iṣẹ́ ìròyìn tipẹ́. Ibẹ̀ ni Awólọ́wọ̀ ti dá Nigerian Tribune sílẹ̀ ní 1949, ìwé náà sì ń jáde títí di òní. Ibẹ̀ náà ni tẹlifíṣọ̀n ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ ní 1959. Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi dúró níbẹ̀ ni rédíò àárọ̀ tí wọ́n ń fi Yorùbá ṣe, tí àwọn èèyàn ń pè wọlé sí. Ẹni tó ń pe rédíò n'Ìbàdàn kì í kàn sọ pé nǹkan wọ́n. Á sọ iye tó ra kóńgò gàrí lánàá, á sọ ọjà tó ti rà á, á sọ iye tó rà á lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bó bá parọ́, ẹni tó tẹ̀lé e lórí ẹ̀rọ á já a, nítorí ọjà kan náà ni wọ́n jọ ń ná. Ẹ jẹ́ kí ìwé àkọsílẹ̀ yín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín bí ẹ bá ń gbọ́ ọ.

Àjàṣẹ́ ló yà mí lẹ́nu jù. Mo rò pé ìsinmi ni mo ń lọ ṣe. Ibẹ̀ ni mo ti rí Nàìjíríà láti òde, bí èèyàn ṣe ń rí òrùlé ilé ara rẹ̀ láti orí òkè.

Lẹ́bàá ọ̀nà níbẹ̀, ẹ ó rí tábìlì onígi tí wọ́n to ìgò epo lé: ìgò ọtí, ìgò òróró, ìgò ńlá roboto kan tó ń tàn bí oyin nínú oòrùn. Kpayo ni wọ́n ń pe epo náà. Nàìjíríà ni wọ́n ti ń gbé e gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé. Nígbà tí owó epo fò lọ́dọ̀ wa ní 2023, ó fò lórí tábìlì náà pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ tábìlì sì dá páropáro. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, iná jó ibi tí wọ́n ń kó irú epo bẹ́ẹ̀ sí ní Sèmè-Kpodji, nítòsí ibodè, èèyàn tó ju 30 lọ sì kú sínú rẹ̀. Ẹni tó ń ta kpayo ní Àjàṣẹ́ kò dìbò fún ẹnikẹ́ni ní Nàìjíríà. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n sọ ní Àbújá ló ń pinnu bóyá ọmọ rẹ̀ á lọ sílé ìwé. N kò tíì rí òǹkọ̀wé kan l'Ékòó tó gbé èyí yẹ̀ wò bó ṣe yẹ, èmi náà ò sì ronú kàn án kí n tó dé ibẹ̀.

Owó náà ńkọ́? Dọ́là kan tí kò tó 500 náírà lójú òṣùwọ̀n ìjọba nígbà tí 2023 bẹ̀rẹ̀ ti kọjá 1,500 ní oṣù Kejì 2024. Sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná ní Benin, so mọ́ owó yúrò, òun ò mira. Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Àjàṣẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi dáadáa ju ọ̀jọ̀gbọ́n kankan lọ. Ó ní tẹ́lẹ̀, àwọn ará Nàìjíríà ló ń wá ra aṣọ lọ́dọ̀ òun, wọ́n á sì rà á tìdì tìdì. Ní báyìí wọn ò wá mọ́, òun ló ń lọ ra ọjà l'Ékòó, nítorí owó tòun ti gùn ju tiwọn lọ. "Èmi ni mo wá di oníbàárà wọn," ló wí. Inú rẹ̀ ò dùn sí i. Àwọn tó ti ń bá a rajà láti ogún ọdún ló ń ṣàárò.

Mo tún fẹ́ kí ẹ rántí pé ibodè yẹn wà ní títì láti oṣù Kẹjọ 2019 títí di oṣù Kejìlá 2020. Ní oṣù Kejìlá 2025 ẹ̀wẹ̀, àwọn ọmọ ogun kan gbìyànjú láti fipá gba ìjọba ní Kútọnu, ọkọ̀ òfuurufú ogun Nàìjíríà sì kọjá lọ ran ìjọba ibẹ̀ lọ́wọ́. Ojú tí a fi ń wo irú ọ̀rọ̀ báyìí l'Ékòó àti ojú tí wọ́n fi ń wò ó ní Àjàṣẹ́, méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tó bá fẹ́ máa kọ nípa Nàìjíríà, tí kò sì tíì sùn lódì kejì ibodè rí, apá kan ló ń rí.

Etí yín àti èdè yín

Ní ti èdè, Èkó ló ń bí ọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ "japa" lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá ọ̀nà jáde nílùú, ibẹ̀ náà ni "sapa" ti bá mi lálejò. Ẹni tó fẹ́ mọ ohun tó wà lọ́kàn àwọn ọmọ ogún ọdún lónìí, kó máa fetí sí Yorùbá ìgboro Èkó, àdàmọ̀dì Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ àti gbogbo rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan máa ń kọminú sí i. Èmi ò bá wọn kọminú.

Ìbàdàn ń ṣọ́ ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ṣi òwe pa níwájú àtẹ oníwèé-ìròyìn, wọ́n á kọ́kọ́ tún òwe náà ṣe fún yín kí wọ́n tó dáhùn ohun tí ẹ sọ. Wọ́n máa ń ki ìlú náà pé Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì. Òótọ́ ni, mo jẹ́rìí sí i, wọ́n gbà mí tọwọ́ tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n gbígbà tí Ìbàdàn ń gba àlejò ní ìbéèrè nínú. Wọ́n á bi yín pé ọmọ ibo ni yín, ta lẹ wá kí, kí lẹ wá ṣe, kí ló dé tí ẹ ò tíì lọ. Ẹ má bínú sí i. Ẹni tí wọ́n ń bi ní ìbéèrè báyìí kọ́ bí wọ́n ṣe ń béèrè, àbí iṣẹ́ òǹkọ̀wé kọ́ nìyẹn?

Ní Àjàṣẹ́, èdè Gùn, tí àwa ń pè ní Ègùn, ló gba ìgboro, Yorùbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Faransé wà ní ọ́fíìsì. Ẹni tó kàwé níbẹ̀ á máa da Faransé mọ́ Yorùbá rẹ̀ bí èmi ṣe ń da Gẹ̀ẹ́sì mọ́ tèmi. N kò mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì inú Yorùbá mi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àfìgbà tí mo pe ẹnì kan ní "tíṣà", tí ọmọdébìnrin kan sì wò mí títí. Ó bi ìyá rẹ̀ pé kí ni mo wí. Ìyá náà wò mí, ó ní, "Olùkọ́ ló ń sọ." Ojú tì mí díẹ̀. Láti ìgbà yẹn, mo máa ń ka ohun tí mo bá kọ sókè bíi pé ọmọ yẹn jókòó síwájú mi.

Ohun àtijọ́ tó ṣì wà lójú

Apá yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró tì mí díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà fún ẹni tó bá fẹ́ràn àṣà.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn èèyàn wa tí wọ́n ti kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì, àtàwọn ọmọ wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í padà sílé. Àwọn kan sọ̀ kalẹ̀ l'Ékòó, àwọn kan sọ̀ kalẹ̀ ní Àjàṣẹ́ àti àwọn ìlú etíkun mìíràn. Àgùdà la pè wọ́n. Wọ́n mọ iṣẹ́ bíríkìlà, wọ́n mọ iṣẹ́ káfíńtà, wọ́n sì kọ́lé bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ ní Bahia, ní Bùràsíìlì lọ́hùn-ún. Ọ̀kan nínú wọn, João Baptista da Costa, ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey l'Ékòó, èyí tí wọ́n ṣí ní 1894. Ní Àjàṣẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ṣáláṣí ńlá ní 1912, wọ́n parí rẹ̀ ní 1935. Bí ẹ bá dé iwájú rẹ̀, ẹ ó kọ́kọ́ rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ilé gogoro méjì ló wà lápá ọ̀tún àti apá òsì, pẹ̀lú òdòdó tí wọ́n fi símẹ́ńtì mọ yí ojú fèrèsé ká, àti ọ̀dà oríṣiríṣi tí òjò ti ń fọ̀ ọ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Mo fi ọwọ́ kan ọ̀kan nínú àwọn òdòdó náà. Eruku ọ̀dà búlúù lẹ̀ mọ́ mi níka. Mo rò ó pé bàbá tó mọ ọn á ti kọ́ iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ ọ lódì kejì òkun, nínú oko ẹrú tàbí lẹ́yìn òmìnira, ó sì wá fi ṣe ibi ìkírun fáwọn Mùsùlùmí ilé.

L'Ékòó, Ilé Ilojo wà ní ìtòsí gbàgede Tinúbú, ilé Àgùdà tí ìjọba ti kéde ní 1956 pé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé gbogbo orílẹ̀-èdè ni. Ní oṣù Kẹsàn-án 2016, wọ́n fi katapílà wó o lulẹ̀. Mo máa ń rántí rẹ̀ nígbàkígbà tí mo bá gba ọ̀nà yẹn kọjá, ọkàn mi sì máa ń gbọgbẹ́ síbẹ̀. Ní Àjàṣẹ́, òjò ló ń wó tiwọn. Ilé Àgùdà pọ̀ níbẹ̀ tí òrùlé ti jìn, tí igi ti hù gba fèrèsé jáde. Ẹni tó bá fẹ́ kọ nípa ilé wọ̀nyí kí wọ́n tó tán, Àjàṣẹ́ ni kó lọ, kó má sì jẹ́ kó pẹ́. Kó bá àwọn àgbà inú ilé náà sọ̀rọ̀, nítorí orúkọ Pọtogí ni ọ̀pọ̀ ń jẹ́ títí di òní, wọ́n sì mọ ìdí tí wọ́n fi ń jẹ́ ẹ.

Èkó ṣì ní tirẹ̀. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àṣà Yorùbá tó ń jẹ́ orúkọ John Randle wà ní Oníkàn, ẹ lè lo ọjọ́ kan gbáko níbẹ̀. Gbọ̀ngàn ìṣeré ńlá tí wọ́n fi gbàlejò FESTAC 1977, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, ní Ìgànmú ti padà ṣí ní oṣù Kẹwàá 2025, orúkọ Ṣóyinká ni wọ́n sì fi pè é báyìí. Bí ẹ bá ṣe kòńgẹ́ ọdún tí Ẹ̀yọ̀ jáde, ẹ fi gbogbo nǹkan sílẹ̀ kí ẹ lọ wò ó. Kì í ṣe ọdọọdún.

N'Ìbàdàn, ẹ má wá ilé aláràbarà. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ètò tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó máa jẹ Olúbàdàn ti wà lórí àkàbà oyè láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn: á bẹ̀rẹ̀ láti orí oyè kékeré, á máa gun un ní ìlà Òtún tàbí ní ìlà Balógun, ikú àwọn tó wà níwájú rẹ̀ ló sì ń gbé e sókè. Nígbà tí wọ́n dé Ọba Rashidi Ládọjà ládé ní Mápó ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án 2025, ọkùnrin tó ti ṣe gómìnà Ọ̀yọ́ rí ni, síbẹ̀ ipò gómìnà kò jẹ́ kó fo ẹnikẹ́ni kọjá lórí àkàbà náà. Mo fẹ́ kí àwọn tó ń kọ̀wé nípa òṣèlú wa ro èyí dáadáa. Ìlú tí wọ́n dá sílẹ̀ bí ibùdó ogun ló ní ètò ìfọbajẹ tí ìjà rẹ̀ kéré jù nílẹ̀ Yorùbá, gẹ́gẹ́ bí èmi ṣe rí i.

Rírìn, ilé, owó

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí. L'Ékòó, ẹ ra káàdì Cowry, kí ẹ máa wọ ọkọ̀ ojú irin níbi tó bá dé. Èyí tó ti Mile 2 lọ sí Mẹ̀rínà, kìlómítà 13, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 2023, ó sì ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn ìṣeré Ìgànmú. Èyí tó ti Agbádó lọ sí Òyìngbò bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù Kẹwàá 2024. Níbi tí ojú irin ò bá dé, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ á jẹ ìdajì ọjọ́ yín. Owó ilé Èkó ga, wọ́n á sì tún fi kọmíṣàn àti àgírímẹ́ǹtì lé e. Agẹ́ǹtì kan ti gba owó yàrá lọ́wọ́ mi rí, yàrá tó ti gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni méjì ṣáájú mi. Ẹ má san owó fún ẹnikẹ́ni kí ẹ tó rí onílé sójú.

N'Ìbàdàn, Máíkírà, ìyẹn takisí kékeré, àti ọ̀kadà lẹ ó máa wọ̀. Owó tó ń gba yàrá kan l'Ékòó á gba ilé tó ní yàrá méjì níbẹ̀ fún yín, ibi ìjókòó á sì ṣẹ́kù láti gbé tábìlì ìkọ̀wé sí. Àmàlà tó ní gbẹ̀gìrì àti ewédú kò ṣeé fẹnu sọ. Àmọ́ iná máa ń ṣe ségesège, ẹ múra sí i.

Àjàṣẹ́ ṣeé fi ẹsẹ̀ rìn, ìyẹn sì tó ìdí kan fún mi láti fẹ́ràn rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ń ro yín, ẹ pe zẹ́mì, ìyẹn ọ̀kadà ibẹ̀, ẹ kọ́kọ́ sọ iye tí ẹ máa san. Iná rẹ̀ dúró ju ti Nàìjíríà lọ ní gbogbo ìgbà tí mo fi gbé ibẹ̀. Ohun tó le ni pé bí náírà lẹ ń gbà, gbogbo nǹkan á wọ́n lójú yín nísinsìnyí. Ẹ gbé páásípọ́ọ̀tù yín àti káàdì àjẹsára, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ibodè, kí ẹ sì fi wákàtí méjì mìíràn lé àkókò tí ẹ rò pé ọ̀nà Bádágrì á gbà.

Ta ni kó yan èwo?

Bí ẹ bá ṣì wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlélógún, tí ẹ ò tíì lórúkọ, tí ẹ sì lókun, ẹ lọ sí Èkó fún ọdún méjì. Ẹ ó rí ohun tó pọ̀ ju ohun tí ẹ lè kọ, ẹ ó sì pàdé àwọn tó máa san owó iṣẹ́ yín. Kí ẹ sáà wá ẹnì kan ṣoṣo níbẹ̀ tó máa ka iṣẹ́ yín kó tó jáde, ẹni tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ yín. Láìsí ẹni bẹ́ẹ̀, ariwo Èkó á wọ inú ìwé yín.

Bí ẹ bá ti ń kọ ọ́ bọ̀ tipẹ́, tí ẹ wá ń rí i pé gbólóhùn kan náà lẹ ń tún sọ nípa Nàìjíríà, Àjàṣẹ́ ni kí ẹ lọ. Oṣù mẹ́ta tó. Oṣù kan ò tó, nítorí oṣù kìíní ni ẹ ó fi máa fi gbogbo nǹkan wé ilé. Láti oṣù kejì ni ẹ ó tó máa rí ibẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ìbàdàn ni èmi yàn, ibẹ̀ sì ni mo ti ń kọ èyí. Mo ń wọ ọkọ̀ ojú irin láti Mọ́níyà lọ sí Èkó bí iṣẹ́ bá pè mí, mo sì ń lọ sí Àjàṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Owó tí mo ń pa kò pọ̀ tó ti àwọn ẹgbẹ́ mi tó wà l'Ékòó, mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ kan tí mo kọ láàárín ọdún yìí tí n kò kọ́kọ́ gbé dé Mọ́kọ́lá. Àwọn ọ̀rọ̀ kan nínú wọn kò kúrò níbẹ̀ láàyè.

Bí ẹ bá ń bọ̀ n'Ìbàdàn, ẹ dé ibi àtẹ náà ní agogo méje àárọ̀, kí oòrùn tó mú. Ẹ ra ìwé kan kí ẹ tó dá sí ọ̀rọ̀, nítorí oníwèé-ìròyìn náà ń bọ́ ọmọ. Bàbá onífìlà abetí-ajá máa ń dúró lápá òsì, níbi tí òjìji igi dé, ó sì máa ń pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ẹ ṣe sùúrù fún un.